Láti Kòtò Wúrà Dé Ẹnu Ẹ̀rọ: Odò Ọ̀ṣun àti Omi Ìbàdàn

Omi tí ìjọba ń fà sí ilé àwọn ará Ìbàdàn ní orísun ńlá méjì. Èkíní ni adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé Odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní ọdún 1942, nígbà tí ìlú kò tíì fẹ̀ dé Àpáta àti Challenge. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn kọjá ní Odò-Ọ̀nà kí èèyàn tó wọ Àpáta láti ìhà Dùgbẹ̀. Èkejì ni adágún Asẹ́jìrẹ́, tó wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí ìlà-oòrùn ìlú lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tí wọ́n sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 nítorí pé omi Ẹlẹ́yẹlé nìkan kò tó ìlú mọ́. Odò tí wọ́n sé ní Asẹ́jìrẹ́ ni Odò Ọ̀ṣun. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá yọ omi nílé kan ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí omi inú garawa náà jẹ́ èyí tó ṣàn wá láti ilẹ̀ Èkìtì, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó kọjá ní Òṣogbo àti Ẹdẹ, kí wọ́n tó fà á, kí wọ́n sì tó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí odò náà lókè, Ìbàdàn ni yóò bá a nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tíì fi ojú kan ibi tí ó ti ń bọ̀.

Gbogbo ilẹ̀ tí omi òjò orí rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sínú odò kan ni agbègbè-ìṣàn odò náà. Òrùlé ló fi í hàn jù lọ: ẹ̀kán òjò méjì lè bọ́ sórí páànù ní ìwọ̀n ìka kan síra wọn, kí ọ̀kan ṣàn sí iwájú ilé, kí èkejì ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé téńté òrùlé ló wà láàárín wọn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní irú téńté bẹ́ẹ̀. Àwọn ìṣàn ìhà àríwá rẹ̀ ń bọ́ sínú Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń bá a lọ sí Asẹ́jìrẹ́. Àwọn ti ìhà gúúsù ń bọ́ sínú Ṣàṣà àti Ọ̀ni, tí wọn kì í dé Asẹ́jìrẹ́ rárá, ṣùgbọ́n tí àwọn abúlé tó wà létí wọn ń mu, tí wọ́n ń fi fọṣọ, tí wọ́n sì ń fi bomi rin oko títí dé ẹ̀bá ọ̀sà. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ìwakùsà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ìhà méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n bi nípa kòtò wúrà kọ̀ọ̀kan ni ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ àti ẹni tó ń mu ún níbẹ̀.

Wúrà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n sì ti ń wà á níbẹ̀. Ilẹ̀ náà jókòó lórí òkúta àtijọ́ kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní schist, èyí tí ooru àti ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ nígbà láéláé, tí omi gbígbóná tó ń gba ojú sísán inú rẹ̀ sì fi wúrà sílẹ̀ sí ojú sísán wọ̀nyí. Wúrà náà wà ní ọ̀nà méjì lónìí. Ní ìhà Ìperindó, inú òkúta gan-an ni ó wà, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ń wà á níbẹ̀: ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá dá sílẹ̀ fún wúrà ní Nàìjíríà, yọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 2021. Ní àyíká Ìtagúnmodì àti Igún, ẹ̀wẹ̀, ojú odò ni wúrà wà, nítorí pé òjò àti ìṣàn ti jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n gbé wúrà inú rẹ̀ wá sí àfonífojì, wọ́n sì sin ín sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, torí pé wúrà wúwo tó ìlọ́po méje yanrìn. Èyí tó wà lójú odò yìí ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi ṣọ́bìrì àti àwo wá. Òun náà ló ń ba odò jẹ́ jù, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè wà á láìtú odò náà fúnra rẹ̀ palẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Àwọn awakùsà á kọ́kọ́ ṣán igbó etí odò kúrò, wọn á fi ọkọ́ tàbí katakátá ká ilẹ̀ dúdú òkè kúrò títí wọn yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ti fọ̀ dán láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọn á fi pákó kan ọpọ́n gígùn kan tó dagun, wọn á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí inú rẹ̀, wọn á sì máa da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ sí orí ọpọ́n náà bí ẹ̀rọ ìfami ti ń rọ́ omi odò lù ú. Ohun tó bá fúyẹ́ á bá omi lọ, ohun tó bá wúwo á há sí irun kápẹ́ẹ̀tì. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn á gbọn kápẹ́ẹ̀tì náà sínú bàsíà, wọn á máa yí ohun tó bá jáde nínú àwo, wọn á máa da omi rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi ku yanrìn dúdú tó ń dán pẹ̀lú ẹyọ wúrà bíńtín nínú rẹ̀. Kí ẹyọ bíńtín yìí tó jáde, iyẹ̀pẹ̀ tó lè kún tipper lọ́pọ̀ ìgbà á ti gba orí ọpọ́n kọjá, á sì ti padà sínú odò ní ẹrẹ̀. Nígbà tí wúrà ibẹ̀ bá tán, wọn á ṣí lọ sí ibòmíràn, kòtò á sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi adágún á kún un, ẹ̀fọn á máa yé ẹyin sí i, etí rẹ̀ á sì máa wó sínú odò ní gbogbo ìgbà òjò.

Ẹrẹ̀ yìí ni èérí àkọ́kọ́, àwọn èèyàn sì máa ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe májèlé. Àmọ̀ tó kúnná jù lọ nínú rẹ̀ lè wà lójú omi fún ọjọ́ púpọ̀ láìsilẹ̀. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ ewéko inú odò, ó ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, èyí tó bá sì rì ń gba ààyè omi nínú adágún lọ́dọọdún. Láti mọ bí omi ṣe rú tó, àwọn onímọ̀ omi máa ń tan iná gba inú rẹ̀ kọjá, wọn á sì ka ìwọ̀n tí àmọ̀ inú rẹ̀ tú ìmọ́lẹ̀ náà ká. NTU ni wọ́n ń pe ẹyọ ìwọ̀n yìí. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé omi tí èèyàn yóò mu kò gbọdọ̀ kọjá NTU 5. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé iṣẹ́ omi ilẹ̀ Gánà kéde pé omi Odò Pra tó ń wọ ibùdó wọn ní Sekyere Hemang ti rú dé ìwọ̀n NTU 14,000, nígbà tó jẹ́ pé NTU 2,000 ni wọ́n kọ́ ibùdó náà láti lè fara dà. Ìwakùsà aláìgbàṣẹ, tí àwọn ará Gánà ń pè ní galamsey, ni wọ́n sọ pé ó fà á, omi sì wọ́n fún àwọn ará Cape Coast àti Elmina tí omi wọn ń ti ibẹ̀ wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pra yìí ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń mu omi Asẹ́jìrẹ́ fi sọ́kàn.

Álọ́ọ̀mù ni ibùdó omi fi ń bá ẹrẹ̀ jà, álọ́ọ̀mù kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Àpáta ń jù sínú dírọ́ọ̀mù omi kànga. Horo àmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára iná díẹ̀ lára, irú kan náà sì ni gbogbo wọn ní, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọn kì í lè parapọ̀ kí wọ́n wúwo kí wọ́n sì rì. Agbára iná ti álọ́ọ̀mù jẹ́ òdì sí èyí, bó bá sì ti yọ́ sínú omi, ó ń pa ti ara àmọ̀ náà rẹ́. Àwọn horo náà á wá so mọ́ra wọn, wọn á di ìṣùpọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lè rí, wọn á sì máa rọra rì lọ sísàlẹ̀. Omi tó bá tòrò lókè ni wọ́n á fi yanrìn sẹ́, kí wọ́n tó fi kilorínì sí i láti pa kòkòrò àìsàn. Bí omi bá ṣe rú sí i ni álọ́ọ̀mù tí yóò lò á ṣe pọ̀ sí i, tí owó rẹ̀ á sì ga sí i, títí yóò fi dé ibi tí yanrìn ìsẹ́mi á dí pátápátá. Bí ẹrẹ̀ bá sì lọ gba ojú yanrìn náà kọjá, kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè fara pamọ́ sínú ìṣùpọ̀ àmọ̀, kí kilorínì má rí wọn pa. Èyí ni ọ̀nà tí ẹrẹ̀, tí kì í ṣe májèlé, fi ń ṣèèyàn léṣe.

Májèlé gan-an ni àwọn irin olóró tó ń bá ẹrẹ̀ rìn, méjì nínú wọn ni ìwé yìí yóò sì dúró lé. Mẹ́kúrì ni irin olómi tó ń dán, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Ó máa ń gbá wúrà mọ́ra, nítorí náà àwọn awakùsà kan ń pò ó mọ́ yanrìn dúdú tó ṣẹ́kù sínú àwo, wọn á fi aṣọ fún un, wọn á sì gbé ìdì tó bá kù sórí iná, kí mẹ́kúrì di oru kí wúrà ṣẹ́kù. Oru náà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń dáná àti ti ọmọ tó wà nítòsí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé irú ìwakùsà wúrà kéékèèké yìí ló ń tú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú gbogbo mẹ́kúrì tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń tú sí afẹ́fẹ́. Èyí tó bá bọ́ sódò á rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí níbẹ̀ á sì sọ ọ́ di methylmercury, oríṣi mẹ́kúrì kan tí ara kì í tètè yọ dànù. Kòkòrò omi á gbé e mì, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, ìwọ̀n rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹni tó bá jẹun kẹ́yìn. Báyìí ni àrùn tó ń ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́ ṣe mú àwọn apẹja àti ìdílé wọn ní Minamata lórílẹ̀-èdè Japan, tí àwọn dókítà sì kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní 1956, nítorí ẹ̀gbin tí ilé iṣẹ́ kan ń dà sínú omi tí wọ́n ti ń pẹja. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2013 lórí mẹ́kúrì, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní 2018. Adágún Asẹ́jìrẹ́, níbi tí ẹrẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń silẹ̀ tí àwọn apẹja sì ti ń ju àwọ̀n, jẹ́ irú ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa wá mẹ́kúrì, nínú ẹran ara ẹja, kì í ṣe nínú omi nìkan.

Irin kejì ni òjé, irin rírọ̀ tó wúwo, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òun àti wúrà máa ń wà pọ̀ nínú òkúta níbi kan, Zamfara sì ni ibi tí Nàìjíríà ti kọ́ èyí lọ́nà tó burú jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn abúlé kan níbẹ̀. Òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń lọ̀ nínú ilé kún fún òjé, eruku rẹ̀ sì ti bo àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ó kéré tán, irinwó ọmọ ló kú. Ní ọdún 2015, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n tún kú lọ́nà kan náà ní Shikira, Ìpínlẹ̀ Niger. Òkúta Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ti Zamfara, ìwọ̀n òjé inú wọn kò sì ní láti dọ́gba, ṣùgbọ́n bí òjé ṣe ń ṣiṣẹ́ lára kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ọmọdé ń fà á sínú ara ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún bí àgbàlagbà ṣe ń fà á, ó ń fara pamọ́ sínú egungun, ó sì lè jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí obìnrin bá lóyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ìlànà Nàìjíríà fún omi mímu gba 0.01 milígíráàmù láàyè nínú lítà kan, ti mẹ́kúrì sì jẹ́ 0.001. Síse omi kò ràn án. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa irin, bí omi bá sì ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni òjé tó kù nínú rẹ̀ á túbọ̀ máa ki.

Láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ará Òṣogbo ti ń rí i pé odò wọn ti yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú, kódà ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó yẹ kí ó tòrò. Ẹgbẹ́ aráàlú kan tó ń jẹ́ Urban Alert bu omi náà fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé irin olóró wà nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìlànà gbà lọ, wọ́n so ó mọ́ ìwakùsà tó wà lókè odò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ọ̀pọ̀ wọn mu ún síbẹ̀, nítorí pé omi ìbùkún ni lójú wọn, wọ́n sì rin ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń ṣe ọdún náà jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo etí odò tipẹ́. Hẹ́kítà 75 ni ó fẹ̀ tó, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, lẹ́yìn tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà kí ó tó kú ní 2009. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, kò gbọdọ̀ gé igi. Gbòǹgbò igi etí odò ń di ilẹ̀ mú, ewé tó jábọ́ ń dá àgbàrá dúró kí ó lè wọ ilẹ̀ dípò kí ó gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ, èèwọ̀ tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀ sì ń ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ àyíká òde òní ń kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n òkè ni odò ti ń ṣàn wá. Igbó tó wà ní àárín odò lè dáàbò bo kìkì etí odò tó wà nínú rẹ̀. Kò lè fọ ẹrẹ̀ tí wọ́n ti pò mọ́ omi kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú ààbò tí Igbó Ọ̀ṣun ní yìí, àwọn ìṣàn kéékèèké tí kò lórúkọ lẹ́nu ará ìlú ló nílò rẹ̀ jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n parapọ̀ di odò.

Òfin ló mú kí èyí ṣòro. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìwakùsà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sì sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, Abuja ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ. Omi mímu, ní tirẹ̀, iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni: Ilé Iṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń ra álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò ní Asẹ́jìrẹ́. Ẹni tó ń fúnni láṣẹ kì í san owó ẹrẹ̀, ẹni tó ń san owó ẹrẹ̀ kò lágbára lórí àṣẹ. Òfin 2007 yìí kan náà kọ̀ fún awakùsà láti ba omi jẹ́, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gbani nímọ̀ràn lórí ìwakùsà àti àyíká. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti Ọ̀ṣun kò ní ojúṣe láti tọ́jú ará Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ti Ọ̀yọ́ kò ní àṣẹ lórí kòtò tó wà ní Ìjẹ̀ṣà. 

Ìlú ńlá kan ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí rí. New York ń fa omi rẹ̀ láti àwọn òkè Catskill àti agbègbè Delaware, tí ibi tó jìnnà jù nínú wọn tó nǹkan bí igba kìlómítà sí ìlú. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí wọ́n kọ́ ibùdó ìsẹ́mi tí wọ́n ṣírò pé yóò ná wọn ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, ìlú náà bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn ní 1997: wọ́n ra ilẹ̀ etí odò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ lówó láti fi ọgbà dí màlúù mọ́ odò, wọ́n sì tún kòtò ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣe. Owó tí wọ́n ná sí òkè kéré sí owó tí wọn ì bá ná sí ìsàlẹ̀. Ohun tó yẹ kí Ìbàdàn rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ará ìsàlẹ̀ lè san owó fún ará òkè kí omi lè mọ́, nítorí pé ọ̀dọ́ tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò wà á nítorí ìkà. Oúnjẹ ló ń wá, ẹni tó bá sì fẹ́ kó fi ọpọ́n sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn láti fún un.

Lójú odò gan-an, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Kí igbó etí odò wà láìfọwọ́kàn ní ìhà méjèèjì ìṣàn kọ̀ọ̀kan. Kí omi ọpọ́n má padà sódò tààrà, kí ó kọ́kọ́ gba kòtò méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, kí ẹrẹ̀ máa silẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi tó tòrò ni wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ fà padà sórí ọpọ́n. Kí wọ́n to ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, kí wọ́n lè fi bo kòtò tó bá tán kí wọ́n tó ṣí òmíràn. A lè fi àwo àti ọpọ́n nìkan gba wúrà láìlo mẹ́kúrì, wọ́n sì ń kọ́ awakùsà ní èyí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Èyí tó le jù ni mímọ ẹni tó ń ba omi jẹ́, nítorí pé odò kì í fọwọ́ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó àwọn odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta, ló wà ní ipò tó dára jù láti ṣe é, nítorí pé Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó ló wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Kí ó bu omi ní ẹnu gbogbo ìṣàn tó ń wọ Ọ̀ṣun láti orísun rẹ̀ dé Asẹ́jìrẹ́, kí ó wọn bó ṣe rú tó àti òjé àti mẹ́kúrì inú rẹ̀, kí ó sì lẹ èsì rẹ̀ síta níbi tí ará Òṣogbo àti ará Àpáta ti lè kà á. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tó yẹ láti bu ti àkọ́kọ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí wọ́n sì bu òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tí òjò náà bá rọ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò fi ìṣàn tí kòtò wà lórí rẹ̀ hàn.